Iléru tí Ọ̀ṣẹ́nì Mọ Nítorí Sẹ̀gi Àna Rẹ̀

Ní ayé Jámánì, ní àwọn ọdún tí wọ́n ń kó ènìyàn lọ la ọ̀nà láti Tchamba dé Sokodé, àgbẹ̀ kan wà ní Kambolé tí ń jẹ́ Ọ̀ṣẹ́nì. Iṣu rẹ̀ ń ta dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dilẹ̀. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀ ni sùúrù. Bí ó bá fi iṣu síná, á ti fà á yọ kí ó tó jinná, á máa jẹ èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ jó tí inú rẹ̀ tutù, á sì máa bínú sí iṣu náà. Wọ́n ní ó ti hú èbù tí ó gbìn wò rí, láti mọ̀ bóyá ó ti hù. Èmi kò rí i, ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́.

Ohun kejì tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni ìdọ̀bálẹ̀. Àwọn ọkọ mìíràn, bí wọ́n bá rí àna wọn, wọ́n á tẹ̀ díẹ̀, wọ́n á fi ìka kan ilẹ̀, wọ́n á sì ti dìde kí eruku tó mọ̀ pé wọ́n wá. Ọ̀ṣẹ́nì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbalaja ni tirẹ̀: àyà, ikùn àti orúnkún, gbogbo rẹ̀ á délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àlùfáà wa máa ń wàásù pé Ọlọ́run nìkan ni ènìyàn ń forí balẹ̀ fún, ṣùgbọ́n gbogbo Kambolé ti rí àlùfáà náà níwájú ìyá ìyàwó tirẹ̀. Nítorí náà a máa ń dáhùn pé "Àmín", a ó sì máa dọ̀bálẹ̀ wa lọ.

Ìdọ̀bálẹ̀ ló sì dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀ṣẹ́nì ti gbé Sèínábù níyàwó ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ojú máa ń ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún un. Ní ọjọ́ kan, Jàríátù, ìyá Sèínábù, wá kí ọmọ rẹ̀ láti Tchamba. Ó wẹ̀ tán, ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi òrí para. Ó ti bọ́ sẹ̀gi ọrùn rẹ̀, ó fi ìborùn wé e, ó sì gbé e sórí ẹní tó wà níwájú rẹ̀. Sẹ̀gi náà gùn tó oríkèé àtàǹpàkò, ó dúdú bí omi aró, ìyá ìyá rẹ̀ ló sì gbé e wá láti Ṣábẹ̀ẹ́. Àfi bí Ọ̀ṣẹ́nì ṣe ti oko dé. Ó rí àna rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó ju ẹrù iṣu sílẹ̀, ó sì nà gbalaja sórí ẹní.

Kẹ́ẹ́!

"Ìyá, ẹ kú ìrìn o," ni Ọ̀ṣẹ́nì wí láti ilẹ̀. Ó rò pé egungun àyà òun ló dún.

Jàríátù ti ké kí ó tó dìde. Ó já ìborùn náà gbà lábẹ́ rẹ̀, ó tún fi wé sẹ̀gi náà kíákíá, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn. Nígbà tó yá, ó ṣí ìborùn náà, ó ju nǹkan méjì sọ́wọ́ ọkọ ọmọ rẹ̀: sẹ̀gi ti di ààbọ̀ àti ààbọ̀.

"Sèínábù, di ẹrù rẹ," ni ó wí. "Ọjọ́ tí ọkọ rẹ bá gbé sẹ̀gi mi wá fún mi ní odidi, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ọjọ́ náà ni wàá padà wá sílé yìí."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu àgbà, kò sí ẹni tí yóò kó o padà. Sèínábù tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó kọjá igi òrí tó wà lẹ́yìn ìlú, Ọ̀ṣẹ́nì sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú sẹ̀gi ní ọwọ́ méjèèjì títí oòrùn fi ń jó o lórí.

Àwọn àgbà ìlú pè é jókòó. Wọ́n ní kí ó mú obì, kí ó fa àgbò kan dání, kí ó lọ bẹ àna rẹ̀. Kò sí ìyá ìyàwó tí kì í rọ̀ bí àgbò bá ké lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀ṣẹ́nì ní wọn kò gbọ́ ohun tí ìyá wí. Ìyá ní odidi. Ìyá kò dárúkọ àgbò. Àwọn àgbà wo ara wọn, wọ́n ní ó dáa, kí Ọlọ́run fi ọ̀nà hàn án, wọ́n sì lọ rẹ́rìn-ín níbi tí kò ti lè gbọ́.

Bí ó ṣe di pé àgbẹ̀ oníṣu ń wá iná tí yóò yọ́ dígí nìyẹn, nítorí irú dígí kan ni sẹ̀gi. Ó kọ́kọ́ fọ sẹ̀gi náà. Ó rí nǹkan pupa rúsúrúsú kan lójú ibi tó ti kán, ó ṣebí òrí tí ìyá ń fi para ni. Ó da omi gbígbóná sí i, ó nù ún nù, kò sì rò ó mọ́.

Ọ̀dọ̀ Làmídì alágbẹ̀dẹ, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni ó kọ́kọ́ lọ. Wọ́n fi àfọ́kù ìgò kan sínú iná àgbẹ̀dẹ láti fi dán an wò, Làmídì fẹ ẹwìrì, àfọ́kù náà sì fò jáde, ó bọ́ sínú irùngbọ̀n Làmídì. Wọ́n fi òmíràn sí i, èyí yọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbé èédú mì, ó sì di nǹkan kan tí kò ṣeé wò. Ọ̀ṣẹ́nì lọ bá àwọn obìnrin amọ̀kòkò. Wọ́n bá a fi ìgò sáàárín ìkòkò wọn, wọ́n kó koríko bò ó, wọ́n fi iná sí i. Afẹ́fẹ́ ń da iná náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìkòkò jinná, ìgò dúdú, kò sì yọ́ rárá. Iná kan le jù, ìkejì rọ̀ jù. Ó wá mú ọ̀nà Sokodé pọ̀n, nítorí wọ́n sọ fún un pé àwọn òyìnbó ní iléru ńlá kan níbẹ̀ tí wọ́n fi ń sun bíríkì.

Ó rí iléru náà. Ó tóbi ju mọ́ṣáláṣí Kambolé lọ. Ọ̀ṣẹ́nì bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹsẹ̀ wọn ìdí rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ sì bi í pé kí ló ń wọ̀n.

"Mo fẹ́ mọ irú rẹ̀ sílé ni. Mo fẹ́ fi jó sẹ̀gi àna mi pọ̀."

"Sẹ̀gi náà ti tóbi tó?"

Ọ̀ṣẹ́nì na àtàǹpàkò rẹ̀ sí i. Ẹ̀ṣọ́ wo àtàǹpàkò, ó wo iléru, ó sì ní kí ó yára máa lọ kí ẹlòmíràn tó béèrè ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjà Sokodé ni Ọlọ́run ti bá a ṣe é. Bàbá olóbì kan wà níbẹ̀, ará Bídà, tó ń bá àwọn Haúsá ná ọjà káàkiri. Ó ní ní ìlú tòun, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa yọ́ ìgò ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ó fi ìka ya iléru wọn sínú yẹ̀pẹ̀: kí ó rí róbótó, kí ó ga dé ìbàdí, kí ó ní ẹnu mẹ́ta, ọ̀kan fún ẹwìrì, ọ̀kan fún igi, ọ̀kan fún iṣẹ́. Ó sì fi kún un pé: "Dídá iná jẹ́ ìdajì iṣẹ́. Ìdajì tó kù ni kí o fi í sílẹ̀."

"Sánnù, Bàbá, mo ti gbọ́," ni Ọ̀ṣẹ́nì wí, ó sì ti ń sáré lọ. Ó rò pé bí àwọn olóbì ṣe máa ń lé oníbàárà sílé nìyẹn.

Kí ó tó kúrò ní Sokodé, ó lọ bẹ alásè kan tó ń dáná fún òyìnbó pé kí ó fún òun ní àfọ́kù ìgò. Alásè náà ṣàánú rẹ̀, ó ní kí ni ènìyàn fẹ́ fi àfọ́kù ṣe, ó sì gbé odidi ìgò méjì fún un, èyí tí ènìyàn lè fi rọ epo, àti ìgò oògùn kékeré kan tó dúdú bí aró. Ọ̀ṣẹ́nì dúpẹ́, ó kúnlẹ̀, ó mú òkúta, ó sì fọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Alásè ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tó padà délé, iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ lásán kò lè gba irú iná bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó lọ wó òkìtì ọ̀gán kan lóko, ó gún amọ̀ rẹ̀, ó da ìgbẹ́ ẹṣin àti koríko gígé pọ̀ mọ́ ọn, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi rọ̀. Ó mọ iléru náà sẹ́yìn ilé, níbi tí Sèínábù máa ń sá ata sí. Làmídì ní kí ó jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀ṣẹ́nì fún un ní mẹ́ta. Ó dáná sí i, iléru sán, ó sì wó lulẹ̀. Àwọn ènìyàn wá kí i pé "ẹ kú àdánù", bí ẹni tí ẹran rẹ̀ kú. Ó mọ òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí òjò àìròtẹ́lẹ̀ kan rọ̀ kí ọyẹ́ tó dé, kò sì rí igi gbígbẹ fi dáná, iléru sì rí àyè gbẹ. Kì í ṣe sùúrù ló ṣe é.

Iléru yìí dára. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ó dára gan-an. Làmídì fún un ní ẹwìrì àtijọ́ kan. Ọ̀ṣẹ́nì fi amọ̀ ṣe ago kékeré, ó gún ìgò kúnná bí iyọ̀, ó rọ ọ́ sínú ago náà, ó sì ki igi ewé ẹ̀gẹ́ kan bọ àárín rẹ̀, kí igi náà lè jóná kí ihò okùn sì ṣẹ́ kù. Ti àkọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ago tí wọn kò lè yọ ọ́. Ewúrẹ́ kan lá a, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó wá mọ̀ pé ó yẹ kí òun fi ẹfun pa inú ago. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yọ́ dáadáa, ó ń tàn pupa nínú iná, ó sì dán débi pé omi bọ́ lójú Ọ̀ṣẹ́nì. "Àlùhámúdù lílà!" ni ó ké, ó fi ẹ̀mú fà á síta sínú ọyẹ́ òwúrọ̀. Tá! Ìlẹ̀kẹ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, tá! Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó ní bóyá afẹ́fẹ́ ló ń ṣe é, ó fi omi tutù gbà á. Ti ẹ̀ẹ̀kẹrin yẹn, àwọn aládùúgbò gbọ́ ọ.

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ̀ẹ̀méje ni Ọ̀ṣẹ́nì lá a. Iléru kò ṣẹ̀, ọwọ́ tó ń ṣí i ló ṣẹ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kí ó jáwọ́ ni ata. Láti ìgbà tí Sèínábù ti lọ, gbogbo ọjọ́ ọjà ni àwọn obìnrin tó ń ti Tchamba bọ̀ máa ń gbé ata gígún kan tí wọ́n fi ewé dì wá fún un, wọn kì í sì í jẹ́ iṣẹ́ kankan pẹ̀lú rẹ̀. Ó mọ ọwọ́ tó gún un. Bí ó ti ń fi iṣu jíjó jẹ ata náà, ó ń mọ̀ pé wọn kò tíì gbàgbé òun. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ ọjà kan dé tí ata kò dé. Èkejì, kò dé. Ẹ̀kẹta, àwọn obìnrin náà kọjá, wọn kò tilẹ̀ dúró. Ẹ̀rù ba Ọ̀ṣẹ́nì. Ní òwúrọ̀ Àtàláátà, ó mú sẹ̀gi gan-an jáde, èyí tí kò tíì fi dán ohunkóhun wò. Ó tò ó sínú ago, ààbọ̀ lórí ààbọ̀, ó da ìgò oògùn dúdú yẹn tó ti gún kúnná yí i ká, ó ki igi ẹ̀gẹ́ bọ̀ ọ́, ó wí pé "Bìsìmílà", ó sì gbé e sínú iléru. Kò sí sẹ̀gi mìíràn láyé. Bí èyí bá fọ́, ó parí.

Ìgbà tí iná gbóná jù lọ ni Tìjání, bàbá Sèínábù, gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dé.

Ọ̀ṣẹ́nì ju ẹwìrì sílẹ̀, ó sì nà gbalaja. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run, ṣùgbọ́n ti Ọ̀ṣẹ́nì lọ́jọ́ náà, ojú ló fi ń wo iléru láti ilẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Ìyá Sèínábù ló rán mi. Ó ní tí kò bá sí sẹ̀gi ní ọjọ́ Jímọ̀ yìí, kí n wá sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ ti parí." Bàbá náà ń gbọ̀n. Ọyẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára lójú ọ̀nà, orúnkún rẹ̀ sì ti ń dùn ún láti ọdún mélòó kan. Ó wo ibi tí òun yóò jókòó sí, ó rí iléru, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. "Haà! Kí lèyí? Ó móoru o." Ó tẹ́ ẹní rẹ̀ síbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti iléru náà lójú ẹnu iṣẹ́ gan-an, èyí tí Ọ̀ṣẹ́nì ti fi amọ̀ dí, ó na ẹsẹ̀, ó sì sùn lọ.

Ta ni yóò jí bàbá ìyàwó rẹ̀? Ọ̀ṣẹ́nì mọ̀ pé sẹ̀gi ti yọ́. Ó mọ̀ pé ó tó àkókò láti fà á yọ. Ó ń yí iléru ká, ó ń fún ọwọ́, ó ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀. Bàbá ń hanrun. Nígbà tí ó jí láti kí ìrun, Ọ̀ṣẹ́nì fò dìde pẹ̀lú ẹ̀mú.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Bàbá, mo fẹ́ ṣí i ni."

"Kí otútù lè pa mí? Jókòó. Orúnkún mi kò rọ̀ báyìí rí láti ọdún márùn-ún. Fi igi kékeré kan sí i. Kékeré ni mo wí."

Ní Àlàrùba, ibẹ̀ náà ni bàbá wà. Ibẹ̀ ni ó ti jẹun, ibẹ̀ ni ó ti kírun, ibẹ̀ ni ó ti gba àlejò, nítorí gbogbo ìlú wá wo àna tó ń gbé lẹ́yìn iléru. Àwọn arúgbó mẹ́ta tí orúnkún ń dùn mú ẹní tiwọn wá, wọ́n fẹ̀yìn tì í yíká. Ọ̀ṣẹ́nì dọ̀bálẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. "Fi igi kékeré kan sí i," ni bàbá ń wí, nígbà tó yá, "Fi ẹ̀ka igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo sí i", ní ìrọ̀lẹ́, "Ó tó báyìí." Inú Ọ̀ṣẹ́nì bàjẹ́. Ó gbà pé sẹ̀gi náà ti jóná tán nínú ibẹ̀, ó sì ń sunkún nínú bí ó ti ń ṣẹ́ igi.

Bàbá rí ojú rẹ̀. "Sẹ̀gi yẹn," ni ó wí, "ó ti tó ogún ọdún tí obìnrin yẹn ti wà nílé mi, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án rí. Bí mo bá nawọ́, á pariwo." Ó mi orí, ó sì tún sùn.

Ní ọ̀sán Àlàmísì, bàbá fọwọ́ kan ẹ̀yìn iléru, ó ti tutù bí ògiri. "Kò ní láárí mọ́," ni ó wí. "Ṣí i."

Ọ̀ṣẹ́nì fọ́ amọ̀ ẹnu iṣẹ́. Ó yọ ago, ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́. Ó dúró de tá. Kò gbọ́ nǹkan kan. Sẹ̀gi náà ṣe odidi. Ó sanra díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó wọ́ sí apá kan, ihò rẹ̀ sì wà. Ọ̀rọ̀ ará Bídà wá yé e nígbà náà, pé ìdajì iṣẹ́ ni kí ènìyàn fi iná sílẹ̀ kí ó kú fúnra rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá.

Wọ́n wọ Tchamba ní Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Jàríátù jókòó sórí àpótí, ẹní wà níwájú rẹ̀. Ó gba sẹ̀gi. Kò wo bí ó ṣe sanra, kò wo bí ó ṣe wọ́. Èékánná ni ó fi ń wá àárín rẹ̀, ibì kan ṣoṣo, ó ń yí i, ó ń wá a, kò rí nǹkan kan. Ó gbé ojú sókè, omi ti kún un.

"Ìda náà dà?" ni ó wí.

"Ìda wo, Ìyá?"

"Ìda oyin." Ohùn rẹ̀ kò le mọ́. "Kì í ṣe ìwọ lo fọ́ ọ, Ọ̀ṣẹ́nì. Èmi ni. Oyún Sèínábù wà nínú mi, mò ń gúnyán, okùn já, ó bọ́ sínú odó, mo sì ti gbé ọmọ odó sókè. Mo fi ìda lẹ̀ ẹ́. Ìyá mi kú, kò mọ̀. Nígbà tí o dọ̀bálẹ̀ lé e, ẹ̀rù bà mí pé ẹ ó rí ìda yẹn lójú rẹ̀. Mo wá béèrè ohun tí kò ṣeé ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi." Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ìyá náà ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ fún ọkọ ọmọ rẹ̀.

Èèwọ̀ gbáà! Ọ̀ṣẹ́nì fẹ́ nà gbalaja kí ilẹ̀ má baà jó o. Ṣùgbọ́n ó dúró ní ìdajì. Ó fọwọ́ gbá ẹní náà wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tẹ gbogbo ibi tó ga, lẹ́yìn náà ni ó wá rọra dọ̀bálẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ní sùúrù. Jàríátù ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Sèínábù ti jáde nínú yàrá, ẹrù wà lórí rẹ̀.

"Ata ọjà mẹ́ta dà?" ni Ọ̀ṣẹ́nì béèrè lórí ilẹ̀ tó wà. Ohun àkọ́kọ́ tó bọ́ sí i lẹ́nu nìyẹn.

"Ó wà nínú ẹrù mi. Ó ti sú mi láti máa fi rán ènìyàn, mo ní èmi fúnra mi ni n ó gbé èyí wá fún yín."

"Bí kò bá wá sí sẹ̀gi ńkọ́?"

"Mo ti di ẹrù yìí," ni Sèínábù wí, "kí Bàbá tó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wá bá yín."